Fọlákẹ́, Tọ́jú Ìwé Rẹ Kí O Tó Wá sí Da Nang

Da Nang, Vietnam
Ọjọ́ 10, Oṣù Kẹta, Ọdún 2025

Fọlákẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo gba lẹ́tà rẹ, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó jókòó láti dá a lóhùn. Inú mi dùn pé ara le, inú mi sì dùn pé o ti parí ẹ̀kọ́ olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí o bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, àti pé ìlú etí òkun tí mo wà yìí ni ọkàn rẹ fà sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí o ti kọ ọ́ pé ẹnì kan ti ṣèlérí iṣẹ́ fún ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ èdè kan níhìn-ín, pé kí o kàn gba físà arìnrìn-àjò afẹ́ kí o máa bọ̀, pé wọn yóò bá ọ ṣe ìwé tó kù nígbà tí o bá dé, àyà mi já. Ọjọ́ Ajé lòní, ọjọ́ kan ṣoṣo tí n kò ní kíláàsì láàárín ọ̀sẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ sì ni mo fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ṣe.

Má tíì wá, Fọlákẹ́. N kò ní kí o má wá rárá o. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí o má ṣe gbéra títí ìwé rẹ yóò fi pé, nítorí ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún ọ yẹn ni èmi náà kọ́kọ́ gbà, mo sì mọ ibi tí ó já sí.

Físà ọlọ́jọ́ 90 tí wọ́n ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo mú dání nígbà náà, mo sì gbà gbọ́ pé ìwé àṣẹ iṣẹ́ yóò tẹ̀ lé e láìpẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní kí n wá, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, kó kíláàsì lé mi lọ́wọ́ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: àwọn ọmọ kéékèèké ní ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń múra IELTS, ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ bí ènìyàn ṣe gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tó, ní òpin ọ̀sẹ̀. A kò tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn kankan. Ní ìparí oṣù kìíní, wọ́n san owó mi pé, n kò sì bi wọ́n ní nǹkan kan mọ́. Ní oṣù kejì, wọ́n ní ẹni tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà rìnrìn-àjò. Nígbà tí oṣù kẹta ń lọ sópin, tí mo sì lọ béèrè owó oṣù méjì lápapọ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń gbàlejò gbé ojú sókè, ó sì bi mí ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé níbo ni ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi wà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Òfin ibí sọ pé àjèjì tó bá ń ṣiṣẹ́ láìní ìwé àṣẹ yóò san owó ìtanràn láti mílíọ̀nù 15 dé mílíọ̀nù 25 dong, owó ilẹ̀ yìí, wọn yóò sì lé e kúrò nílùú. Ta ni mo fẹ́ lọ fẹjọ́ wọn sùn, nígbà tí ó jẹ́ pé èmi gan-an ni ẹjọ́ náà yóò kọ́kọ́ dá lẹ́bi? Mo di ẹrù mi, mo padà sílé, ó sì gbà mí ní oṣù mẹ́sàn-án kí n tó tún wọ ìlú yìí lọ́nà tó tọ́.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé ìwé àṣẹ iṣẹ́ kì í ṣe ohun tí olùkọ́ ń lọ gbà fúnra rẹ̀. Agbanisíṣẹ́ ni ó ń béèrè fún un lọ́wọ́ ìjọba, ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́ náà nìkan ni ó sì wà fún. Kò lè ju ọdún 2 lọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì lè sún un síwájú, fún ọdún 2 mìíràn ó pọ̀ jù. Nítorí náà, bí agbanisíṣẹ́ kan bá ní kí o máa bọ̀ láìtíì béèrè ẹ̀dà ìwé-ẹ̀rí rẹ, ó ti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún ọ. Ilé-ẹ̀kọ́ tí mo wà báyìí gba ẹ̀dà gbogbo ìwé mi kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún mi. Ó sú mi nígbà náà, ṣùgbọ́n òun ni àmì àkọ́kọ́ pé ibẹ̀ ṣeé fọkàn tán.

Ìwé tí wọn yóò béèrè kò pọ̀, ọ̀nà tí òǹtẹ̀ ń gbà dé ara rẹ̀ ni ó gùn. Ìwé-ẹ̀rí yunifásítì rẹ, ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń fẹ́ kí ó jẹ́ ti wákàtí 120 ó kéré tán, àti ìwé ọlọ́pàá pé o kò ní ẹ̀sùn ọ̀daràn lọ́rùn: ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè lọ́dọ̀ wa ni yóò kọ́kọ́ lu òǹtẹ̀ lu gbogbo wọn, ẹ́ḿbásì Vietnam tó wà ní Àbújá yóò sì lu tirẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni wọn yóò tó túmọ̀ wọn sí èdè Vietnam níhìn-ín. Ìwé ọlọ́pàá ni kí o gbà kẹ́yìn, nítorí kò gbọ́dọ̀ ju oṣù 6 lọ ní ọjọ́ tí agbanisíṣẹ́ bá kó ìwé rẹ wọlé. Èmi kọ́kọ́ gba tèmi, ó sì gbó mọ́ mi lọ́wọ́ kí ìwé-ẹ̀rí yunifásítì mi tó jáde, ni mo bá tún lọ bẹ̀rẹ̀ ti ọlọ́pàá láti ìbẹ̀rẹ̀. Àyẹ̀wò ìlera kò ní yọ ọ́ lẹ́nu, wọn yóò ṣe é fún ọ ní ilé ìwòsàn níbí.

Jọ̀wọ́, wo orúkọ rẹ dáadáa lára gbogbo ìwé náà. Orúkọ mẹ́ta ni ó wà lára ìwé-ẹ̀rí mi, méjì péré ni ó wà nínú ìwé ìrìnnà mi, wọ́n sì kọ ọ̀kan ní Adesola, wọ́n kọ èkejì ní Adeshola. Ẹni tó ń túmọ̀ ìwé níhìn-ín kò mọ̀ pé orúkọ kan náà ni wọ́n. Báwo ni ì bá ṣe mọ̀? Ìwé ìbúra láti ilé-ẹjọ́ ni ó yanjú rẹ̀, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi ní láti lọ ṣe sáré sáré fún mi. Tìrẹ, ṣe é kí o tó kúrò nílé, kí ilé-iṣẹ́ ìjọba àti ẹ́ḿbásì náà sì lu òǹtẹ̀ lù ú.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ kan tí yóò dùn ọ́, bí ó ti dun èmi náà. Wọn yóò ní kí o mú ẹ̀rí wá pé o gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ tí o fi èdè náà kàwé láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé yunifásítì. Ẹni tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ kò bá wá láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà, Kánádà, Ireland, Ọsirélíà, New Zealand tàbí Gúúsù Áfíríkà, àjèjì sí èdè náà ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kà á sí. Ìpele C1, ti ẹni tó gbọ́ èdè náà dáadáa, ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi, èyí tí ó jẹ́ 7 sókè nínú ìdánwò IELTS. Ṣe ìdánwò náà, ṣùgbọ́n má ṣe yá jù, nítorí ọdún 2 péré ni wọ́n ń ka èsì rẹ̀ sí. N kò kábàámọ̀ pé mo ṣe é. IELTS yìí kan náà ni àwọn òbí níbí ń sanwó kí ọmọ wọn lè kọ́, ọ̀pọ̀ yunifásítì sì ń fi í gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, nítorí náà olùkọ́ tó ti jókòó ṣe é rí ní ohun tí yóò sọ nínú kíláàsì.

Àwọn kan yóò fẹ́ mọ àwọ̀ rẹ kí wọ́n tó fẹ́ mọ iṣẹ́ rẹ. N kò fẹ́ kí o gbọ́ èyí lẹ́nu ẹlòmíràn. Nínú nǹkan bí ogún ilé-ẹ̀kọ́ tí mo kọ̀wé sí, mẹ́rin ni ó dá mi lóhùn, méjì nínú wọn sì dákẹ́ lẹ́yìn tí mo fi fọ́tò mi ránṣẹ́. Ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n máa sọ pé ọmọ Gúúsù Áfíríkà ni mí, mo kọ̀ ọ́. Ìwé ìrìnnà mi yóò já irọ́ náà ní ọjọ́ kan, àti pé ohun tí mo fi rí iṣẹ́ níkẹyìn, láti inú ibi tí mo ti wá gan-an ni ó ti jáde. Jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí mo wà báyìí, wọ́n fún mi ní ogún ìṣẹ́jú láti fi kọ́ àwọn ọmọ méjìlá tí kò ju ọdún mẹ́jọ lọ, kí wọ́n lè mọ irú olùkọ́ tí mo jẹ́. Mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sójú pátákó: "rice", "nice" àti "five". Ọmọkùnrin kan dìde, ó sì kà wọ́n ní "rai, nai, fai", ó jókòó pẹ̀lú ìdùnnú. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú èdè Vietnam tí ó ń parí pẹ̀lú ìró s tàbí v, nítorí náà ahọ́n wọn máa ń gé e sọnù. Ìwọ náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í parí pẹ̀lú kọ́ńsónáǹtì, ṣùgbọ́n fáwẹ́lì ni àwa fi ń tì í lẹ́yìn, tí "bread" fi di búrẹ́dì, tí "bus" sì di bọ́ọ̀sì. Ibi tí àwa ti ń bù kún un ni àwọn ti ń dín in kù, ibì kan náà ni ó ti ń dun gbogbo wa. Mo ní kí àwọn ọmọ náà súfèé s bí ejò. Lẹ́yìn náà, mo ní kí wọ́n gbé ìka méjì lé ọ̀fun, kí wọ́n pe v, kí wọ́n sì máa pè é lọ títí wọn yóò fi mọ̀ ọ́n lára bí ó ṣe ń gbọ̀n lábẹ́ ìka wọn. Ọmọkùnrin yẹn la ojú, ó di ọ̀fun ara rẹ̀ mú, ó sì pe "five" lẹ́ẹ̀marùn-ún láìgé nǹkan kan kúrò. Olórí olùkọ́ tó wà lẹ́yìn kíláàsì ti dá bírò rẹ̀ dúró. Ó bi mí lẹ́yìn náà pé báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìṣòro wà, mo sì sọ fún un pé ibẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ wà fún èmi náà.

Èdè wọn gan-an yóò fún ọ láyọ̀. Ohùn 6 ni wọ́n ń kọ, pẹ̀lú àmì lórí lẹ́tà bíi tiwa: "ma" ni iwin, "mà" ni ṣùgbọ́n, "mạ" sì ni irúgbìn ìrẹsì tí wọn yóò lọ́. Wọ́n tilẹ̀ ní àmì abẹ́ lẹ́tà, àfi pé ohùn ni tiwọn ń tọ́ka sí. Ẹni tí etí rẹ̀ ti mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ àti ọkọ́ láti kékeré kì í pẹ́ mọ orúkọ ọmọ pè níbí, ọmọ tí o bá sì mọ orúkọ rẹ̀ pè yóò tẹ́tí sí ọ. Wọn yóò máa pè ọ́ ní "cô", bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ obìnrin, àwọn àgbà yóò sì kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ orí rẹ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n ni wọn yóò pè ọ́ tàbí àbúrò. Má bínú sí wọn, ọ̀wọ̀ ni.

Ní ti owó, Da Nang kò dà bí Hanoi tàbí Ho Chi Minh. Ìlú náà kéré sí wọn, àjèjì tó fẹ́ gbé létí òkun Mỹ Khê sì pọ̀, nítorí náà iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n díẹ̀, owó rẹ̀ sì rẹlẹ̀ díẹ̀. Nǹkan bí 300,000 dong ni mo fi bẹ̀rẹ̀ fún wákàtí kan, ó sì tó mi jẹ, ó tó mi san owó ilé. Bí ó bá jẹ́ pé òkun nìkan ni o ń wá, Hai Phong tó wà ní àríwá ní èbúté ńlá, olùkọ́ àjèjì kò sì pọ̀ níbẹ̀ tó bí wọ́n ṣe pọ̀ níhìn-ín. N kì bá fi ìlú yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n má ṣe ti ilẹ̀kùn yẹn. Nínú ìwé àdéhùn, wò ó pé sáà tí wọn yóò fi dán ọ wò lẹ́nu iṣẹ́ kò ju ọjọ́ 60 lọ, kí owó rẹ nígbà náà má sì dín sí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí bí òfin ṣe sọ nìyẹn. Mọ̀ pẹ̀lú pé ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ fún owó orí ẹni tí kò bá tíì lo ọjọ́ 183 nílẹ̀ yìí, kí ó má bàa bá ọ lójijì.

Kò sí ẹni tó ń gba olùkọ́ ní àkókò tí Tết, ọdún tuntun àwọn ará ibí, bá ti ń sún mọ́lé. Láti Oṣù Karùn-ún ni ilé-ẹ̀kọ́ wa máa ń wá olùkọ́ fún kíláàsì ìsinmi gígùn, wọ́n sì tún ń wá wọn kí sáà tuntun tó wọlé ní Oṣù Kẹsàn-án. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, n kò rò pé o lè bá ti Oṣù Karùn-ún, ṣùgbọ́n o lè bá èkejì láìsáré. Òjò ńlá àti ìjì máa ń dé lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà ilé tó ga díẹ̀ ni n ó bá ọ wá.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tí í ṣe ọjọ́ àwọn obìnrin, ọmọkùnrin tó di ọ̀fun ara rẹ̀ mú yẹn gbé òdòdó kan wá fún mi, ó sì sọ pé "nice". Mo gbọ́ s náà kedere.

Kọ́kọ́ ya fọ́tò ìwé-ẹ̀rí rẹ àti ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé ìrìnnà rẹ, kí o fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi kí n bá ọ wo orúkọ wọn. Kọ̀wé sí ẹni tó ṣèlérí iṣẹ́ fún ọ pẹ̀lú, kí o bi í pé ta ni yóò béèrè fún ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ, ní ọjọ́ wo, kí ó sì fi èsì rẹ̀ sínú ìwé. N ó máa retí ohun tí ó bá sọ.

Bá mi kí màmá, kí o sì bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Adéṣọlá