Ẹ Yéé Pe Àwọn Àgbà Òṣèlú Amẹ́ríkà Ní Áńgẹ́lì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tó ní òṣèlú Amẹ́ríkà mọ́ tónítóní látìbẹ̀rẹ̀, pé àwọn tó dá orílẹ̀-èdè yẹn sílẹ̀ kì í bú ara wọn, wọn kì í fowó ra akọ̀ròyìn, wọn kì í fi ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí wá ìbò, ẹ̀yìn ìgbà tí ayé bàjẹ́ ni gbogbo ìyẹn wọlé. Háà! Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ má bínú o, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Ìbò ọdún 1800 nìkan ti tó láti da ọ̀rọ̀ yẹn nù.

John Adams ló wà lórí oyè nígbà yẹn, ẹgbẹ́ Federalist ló ń ṣe. Igbákejì rẹ̀ ni Thomas Jefferson, àmọ́ inú ẹgbẹ́ alátakò ni Jefferson wà, Republican ni wọ́n ń pè wọ́n (kì í ṣe Republican tòní o, ẹ má dà á pọ̀). Òfin wọn ló fà á. Àwọn ẹlẹ́kítọ̀ ló ń dìbò yan ààrẹ, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn á dárúkọ èèyàn méjì, ẹni tó bá ṣe ìkíní di ààrẹ, ẹni tó bá ṣe ìkejì di igbákejì, torí àwọn tó kọ òfin náà ní 1787 ò ro ti pátì mọ́ ọn rárá. Ní 1796 Adams ní 71, Jefferson ní 68, bí wọ́n ṣe ti ológbò àti eku mọ́ yàrá kan náà fún ọdún mẹ́rin nìyẹn.

Ṣé wọn ò bú ara wọn? Ní 1798 àwọn èèyàn Adams ní kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣe òfin pé ẹni tó bá kọ irọ́ àti èébú nípa ìjọba, nípa ààrẹ tàbí nípa kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ẹ̀wọ̀n ni. Ẹ wá wo àrékérekè inú ẹ̀: wọn ò fi orúkọ igbákejì ààrẹ sí i, ìyẹn ni pé ẹ lè bú Jefferson bó ṣe wù yín, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òfin náà máa parí ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta 1801, ọjọ́ kan péré kí sáà Adams tó tán, kí ẹlòmíì má bàa fi mú àwọn náà. Matthew Lyon, aṣòfin láti Vermont, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́rin, wọ́n ní kó san 1,000 dọ́là lé e, inú ẹ̀wọ̀n ló wà táwọn ará ìpínlẹ̀ ẹ̀ tún dìbò fún un padà. Ẹ fi Lyon yìí sọ́kàn, ó ń bọ̀.

Jefferson náà ńkọ́? Òun ló ń fún akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ James Callender lówó lábẹ́lẹ̀, Callender wá ń kọ ìwékúwèé nípa Adams títí wọ́n fi tì í mọ́lé. Nígbà tí Jefferson gorí oyè ó dárí jì í, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba ni Callender ń retí, wọn ò fún un, ló bá yíjú padà sí ọ̀gá ẹ̀, ní 1802 ló kọ ọ́ síta pé Jefferson ń bímọ pẹ̀lú Sally Hemings, ẹrúbìnrin ilé ẹ̀. Òótọ́ tí gbogbo ìdílé yẹn bò mọ́lẹ̀ fún bí igba ọdún!

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, tí mi ò rí káwọn èèyàn máa sọ, ni ti New York. Lásìkò yẹn, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, kì í ṣe aráàlú ló ń yan ẹlẹ́kítọ̀, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ni. Aaron Burr, ọmọ ẹgbẹ́ Jefferson, wá jáde nígboro New York, ó ṣiṣẹ́ bíi wèrè, ó kó àwọn jàǹkànjàǹkàn jáde lórúkọ ẹgbẹ́ ẹ̀, wọ́n sì gba ilé aṣòfin náà mọ́ Federalist lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ẹlẹ́kítọ̀ 12 ló wà níbẹ̀. Alexander Hamilton tí í ṣe ọ̀gá Federalist níbẹ̀ rí i pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn, ló bá kọ lẹ́tà sí gómìnà, John Jay, pé kó yára pe àwọn aṣòfin tó ń kógbá wọlé jọ, kí wọ́n yí rúùlù padà kó tó di pé àwọn tuntun wọlé. Inú ẹgbẹ́ kan náà ni Jay àti Hamilton wà o! Jay ka lẹ́tà náà, ó kọ ọ́ sára ẹ̀ pé nítorí àǹfààní ẹgbẹ́ ni wọ́n ṣe dábàá eléyìí, kò sì yẹ òun láti gbà á. Ó tì í sápá kan. Kò pariwo, kò pe oníròyìn, bí ìbò New York ṣe lọ nìyẹn, bí Adams ṣe pàdánù náà nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yin ẹnì kan nínú gbogbo ìtàn yìí, Jay ni kẹ́ ẹ yìn.

Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, Jefferson 73, Burr 73, Adams 65. Àwọn Republican gbàgbé láti ní kí ẹlẹ́kítọ̀ kan yọ orúkọ Burr sílẹ̀, gbogbo wọn ló dárúkọ méjèèjì. Burr tí wọ́n fẹ́ fi ṣe igbákejì wá bá ọ̀gá ẹ̀ dọ́gba, ó sì kọ̀, kò sọ pé òun ò ṣe. Ọ̀rọ̀ di ti Ilé Aṣojú-ṣòfin, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ìbò kan, ìpínlẹ̀ 16, ẹni tó bá ní 9 ló wọlé. Àwọn Federalist ló sì pọ̀ nílé náà, wọ́n ní Burr làwọn máa gbè kí Jefferson má bàa débẹ̀. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì 1801 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, yìnyín ń bọ́ ní Washington, ara Joseph Nicholson, aṣojú láti Maryland, ò yá, ibà ń ṣe é gan-an, wọ́n gbé e gba inú yìnyín wá, ó dùbúlẹ̀ sí yàrá ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbìmọ̀, ìyàwó ẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́ láti kọ ìbò ẹ̀, torí tí kò bá sí níbẹ̀ Maryland á bọ́ sọ́wọ́ Burr. Jefferson 8, Burr 6, ìpínlẹ̀ méjì pín sí méjì dọ́gba. Wọ́n tún un dì, ibì kan náà. Ìgbà 35 ni wọ́n dì í tí kò yí padà. Àwọn gómìnà Pennsylvania àti Virginia ti ń múra sójà ìpínlẹ̀ wọn sílẹ̀, bó ṣe kù díẹ̀ kó di ìjà nìyẹn.

Hamilton tó kórìíra Jefferson ló wá ń kọ lẹ́tà káàkiri pé Jefferson ṣì sàn, pé ó kéré tán ọkùnrin yẹn ní ohun tó gbà gbọ́, Burr ò ní kankan. James Bayard tó jẹ́ aṣojú kan ṣoṣo tí Delaware ní, tí ìbò ẹ̀ nìkan tó ti gbogbo aṣojú 19 Virginia pa pọ̀, òun ló kọ́kọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, ìgbà 36, Bayard fi ìwé òfìfo sílẹ̀, Federalist Vermont ò wọlé wá dìbò, ló bá ku Matthew Lyon nìkan (ẹlẹ́wọ̀n àná!), ó ju Vermont sí Jefferson, Maryland náà bọ́ sí i, ìpínlẹ̀ 10 ló gbé e wọlé. Bayard sọ lẹ́yìn náà pé wọ́n ti ṣèlérí nǹkan fóun kóun tó gbà, Jefferson ní irọ́ ni. Èwo lòótọ́ ńbẹ̀? Ẹ̀yin náà ẹ rò ó.

Olóòtú, ibi tó ń dùn mí lọ́kàn nìyí. Òfin 1787 ní kí wọ́n ka ẹrú márùn-ún bí èèyàn mẹ́ta tí wọ́n bá ń pín aṣojú àti ẹlẹ́kítọ̀. Ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún! Àwa tí wọ́n ṣe méjìlá àti ìdá méjì nínú mẹ́ta fún ní 1979 (ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19 tá a ní nígbà náà), lábẹ́ ìjọba ààrẹ tá a wò kọ́ lọ́dọ̀ Amẹ́ríkà yìí náà, a mọ bí ìṣirò ṣe máa ń dun èèyàn, àmọ́ tiwọn burú ju tiwa lọ. Nínú ìkànìyàn 1790, àwọn tí kì í ṣe ẹrú ní Pennsylvania àti Virginia fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, síbẹ̀ Pennsylvania ní ẹlẹ́kítọ̀ 15, Virginia ní 21. Orí ẹrú ni wọ́n fi gba ìyókù, ẹrú ọ̀hún ò sì lè dìbò. Àwọn tó ṣírò ẹ̀ ní tí kì í bá ṣe tìyẹn, Adams ni ì bá wọlé, Adams tí kò ní ẹrú rí láyé ẹ̀, tí Jefferson ní ju 600 lọ. Ìwé ìròyìn kan ní Boston kọ ọ́ ní 1801 pé èjìká àwọn ẹrú ni Jefferson gùn wọ tẹ́ńpìlì òmìnira. Nítorí náà tí ẹ̀gbọ́n wa bá ní ìbò yẹn mọ́, kó sọ fún wa mọ́ ta ni.

Adams ò dúró wo ìbúra, ní aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ló ti wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin kúrò nílùú. Wọ́n ní ìwà àfojúdi ni. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀, ó lọ, ìyẹn ló ṣe pàtàkì, kò ran sójà sẹ́nì kankan. Ní 1804 wọ́n tún òfin ṣe pé kí wọ́n máa dìbò ààrẹ lọ́tọ̀, ti igbákejì lọ́tọ̀. Ọdún yẹn náà ni Burr, tó ṣì jẹ́ igbákejì ààrẹ o, bá Hamilton pàdé ní Weehawken, ní New Jersey, lórí ọ̀rọ̀ tí Hamilton sọ sí i nígbà tó ń du gómìnà, wọ́n kojú ìbọn síra wọn, Hamilton kú lọ́jọ́ kejì. Wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kan Burr ní New York àti New Jersey, ó sì tún padà lọ jókòó sórí àga olórí Sẹ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń darí ìgbẹ́jọ́ adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kan!

Mi ò tíì débi 1824 o, tí Andrew Jackson ní 99, ọmọ Adams ní 84, tí Ilé Aṣojú-ṣòfin gbé e fún ọmọ Adams, tí Henry Clay, olórí ilé náà, sì di mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè láìpẹ́ sígbà náà. Tí ẹ̀gbọ́n wa bá fẹ́ dáhùn, ẹ jọ̀ọ́ Olóòtú, ẹ fún un láàyè, kó sì bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.