Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó kọ́ mi ní èdè Gíríìkì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Nígbà tí wọ́n pín ẹrù yín lẹ́yìn ìsìn ìrántí, kò sí ẹni tó bá mi du Májẹ̀mú Tuntun elédè Gíríìkì yín. Ọwọ́ mi ló wà báyìí.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ènìyàn ni anthropos, ìbáà ṣe akọ, ìbáà ṣe abo, àti pé aner ni àwọn Gíríìkì ń pe ọkùnrin. Inú yín a máa dùn tí ẹ bá ń ka ohun tí Herodotus, òpìtàn Gíríìkì, kọ nípa ogun Thermopylae tí àwọn Gíríìkì bá àwọn ará Páṣíà jà, pé anthropoi, ìyẹn ènìyàn, pọ̀ láàárín àwọn ará Páṣíà, ṣùgbọ́n andres wọn, ìyẹn ọkùnrin gidi, kò tó nǹkan. Ẹ tún fi hàn mí pé anthropos yìí kan náà ni wọ́n fi ń jágbe mọ́ ẹrú, bí àwa náà ti ń sọ pé "ìwọ ènìyàn yìí" nígbà tí inú bá ń bí wa.

Kí ló wá dé ní ìpàdé àwọn alàgbà ọjọ́ náà? Wọ́n ní obìnrin kò gbọdọ̀ kọ́ kíláàsì àwọn àgbà, ẹnìkan sì ka 2 Tímótì 2:2 láti inú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní kí Tímótì fi ẹ̀kọ́ lé àwọn tí yóò lè kọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó ń tẹnu mọ́ "men", ìyẹn "ọkùnrin". Anthropois, láti ara anthropos, ni Pọ́ọ̀lù kọ síbẹ̀, Bíbélì Yorùbá tó wà lórí itan yín pàápàá sì pè wọ́n ní olóòótọ́ ènìyàn. Mo rí yín tí ẹ ṣí i, tí ẹ fi ìka tọ ẹsẹ náà, tí ẹ sì pa ìwé dé láìwí nǹkan kan. Bí ẹ kò bá mọ̀ ni, ì bá má dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi títí ẹ fi lọ.

Àìsàn ti dá Màmá dùbúlẹ̀ láti ìgbà Àjíǹde. Èmi nìkan ni mò ń gbé e dìde, tí mò ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Orí fóònù ni àwọn ọkùnrin ilé wa ti ń kí i. Lálẹ́ àná mo ka Jòhánù orí 5, níbi tí ọkùnrin tó ti ṣàìsàn fún ọdún 38 ti ń sọ fún Jésù létí adágún pé òun kò ní anthropos tí yóò gbé òun sínú omi. Èmi náà kò ní ènìyàn, bàbá mi. Ní ọjọ́ ìpàdé yẹn, ẹ̀yin ni mo rò pé mo ní.

Ọmọ yín