Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ fíìmù Freaks wà gan-an

Olóòtú àpọ́nlé,

Ẹ kú iṣẹ́. Òǹkọ̀wé yín tó ní fíìmù Freaks, tó dá lórí àwọn òṣèré sákọ́ọ̀sì, fi àwọn àkàndá ẹ̀dá ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin wo òpin rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó jọ pé ó fojú fo ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún kọ ọ́ pé ìṣẹ́jú 90 ni. Kò sí ẹ̀dà ìṣẹ́jú 90 mọ́. Nǹkan bíi 64 ló kù lọ́wọ́ gbogbo wa.

Ní oṣù kìíní ọdún 1932 ni ilé-iṣẹ́ fíìmù MGM fi fíìmù tí Tod Browning darí yìí dán àwọn òǹwòran San Diego wò. Ariwo sọ. Wọ́n ní obìnrin kan tiẹ̀ halẹ̀ pé òun yóò pè wọ́n lẹ́jọ́, pé fíìmù náà ló ba oyún jẹ́ mọ́ òun lára. Bí àlùmọ́gàjí MGM ṣe wọ inú fíìmù náà nìyẹn, òpin ló sì gé jù. Ẹ rántí pé Cleopatra arẹwà fẹ́ Hans aràrá nítorí ogún, ó wá ń fún un ní májèlé. Hercules ni àlè rẹ̀. Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́, igi wó lu Cleopatra nínú ìjì, àwọn òṣèré yòókù sì ya bò ó. Wọ́n tẹ Hercules lọ́dàá, ohùn tín-ín-rín ló fi ń kọrin nígbẹ̀yìn. Gbogbo rẹ̀ ti lọ. Ohun tó kù ni pé Cleopatra ń sáré nínú òjò, ó figbe ta, ká tó ṣẹ́jú, òun rèé tó ti di abara-bíi-pẹ́pẹ́yẹ. Ẹni tó bá béèrè bó ṣe débẹ̀ kò jẹ̀bi. Wọ́n ti gé ìdáhùn dànù. Wọ́n wá lẹ ìran kan mọ́ ọn, níbi tí Hans àti Frieda, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ àtijọ́, ti parí ìjà nínú ilé ńlá. Ìran yẹn dà bí àbùlẹ̀ funfun lára aṣọ dúdú.

Ẹ wá padà sí ìdajì àkọ́kọ́. Frances O'Connor tí kò lápá ń fi ẹsẹ̀ jẹun, ó ń bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ. Prince Randian, tí kò lápá tí kò lẹ́sẹ̀, fi ẹnu mú ìṣáná, ó ṣá a, ó tanná sí sìgá rẹ̀, nígbà tí ẹnì kan ń fọ́nnu létí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Obìnrin onírùngbọ̀n bímọ, àwọn ará àgọ́ kí i kú ewu ọmọ. Fíìmù nípa òṣèré sákọ́ọ̀sì ni, síbẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi tí a ti rí wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣeré fún èrò. Ẹ̀yìn àgọ́ la wà, níbi tí wọ́n ti ń jẹ, tí wọ́n ń ṣòfófó, tí wọ́n ń jowú. Àwọn tí Yorùbá ń pè ní ẹni òrìṣà ló wà nílé ara wọn yìí. Browning mọ ilé náà: ó sá kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ lọ́mọdé, ó tẹ̀ lé irú wọn kiri, wọ́n tiẹ̀ máa ń sin ín láàyè fún èrò wò.

Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú òǹkọ̀wé yín ni ìran òjò. Randian yẹn kan náà tó ń mu sìgá rẹ̀ jẹ́jẹ́ ló ń wọ́ nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ lẹ́nu. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlùmọ́gàjí. Browning fúnra rẹ̀ ló sọ àwọn tó ti mú wa fẹ́ràn di iwin, nítorí pé fíìmù ẹ̀rù ni wọ́n ní kó ṣe. Olga Roderick, obìnrin onírùngbọ̀n yẹn, kábàámọ̀ lẹ́yìn náà pé òun kópa níbẹ̀. Ẹ̀rí tirẹ̀ wúwo lójú mi ju ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fòfin dè é títí di 1963.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó: bí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín bá fi ìwé gígùn tó ń gòkè lójú amóhùnmáwòrán bẹ̀rẹ̀, ẹ fò ó. Kì í ṣe ti Browning. Dwain Esper tó ń gbé fíìmù náà kiri Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, tó tún ń yí orúkọ rẹ̀ padà, ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tún iye ìṣẹ́jú yẹn ṣe.

Òǹkàwé yín,
Abẹ́òkúta