Ẹ Fún Àwọn Agbaninímọ̀ràn Lórí Àrùn Àjogúnbá Níwèé Àṣẹ

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí àrùn àjogúnbá ń jẹ mí lógún gan-an. AS ni jẹ́nótáìpù tọkọtaya kan tí mo mọ̀, àwọn méjèèjì. SS ni àkọ́bí wọn, ìyẹn ni pé ó ní àrùn fòníkú-fọ̀lá-dìde (sickle cell). Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní agbaninímọ̀ràn wá sọ fún wọn pé ẹyọ kan péré ló máa ń jẹ́ SS nínú ọmọ mẹ́rin, pé tiwọn ti lọ, kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá! Oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ewu tirẹ̀, ìdá 25 nínú 100, ohun yòówù kí ti ìṣáájú jẹ́. SS ni ọmọ kejì náà. Mo wà níbẹ̀ lóru ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ń fi aṣọ gbígbóná tẹ ọwọ́ rẹ̀ tó wú bí ẹni fẹ́ bẹ́.

Láti ọdún 1969 ni Sarah Lawrence College ní Amẹ́ríkà ti ń fi iṣẹ́ yìí kọ́ni. Lọ́dún 2001, ìpínlẹ̀ Utah níbẹ̀ ṣòfin ìwé àṣẹ fún un. Síbẹ̀, ó ṣì ku ọ̀pọ̀ ibi tí kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan ní òfin yóò dín àwọn òṣìṣẹ́ kù, bẹ́ẹ̀ wọn ò tó tẹ́lẹ̀. Mo gbà pé wọn ò tó. Ṣùgbọ́n kí ìjọba forúkọ àwọn tó kọ́ṣẹ́ sílẹ̀ níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i, kí ẹni tí wọ́n ṣì lọ́nà sì mọ ibi tí yóò fẹjọ́ sùn. Tọkọtaya yẹn kò tíì rí ibi kankan títí di òní.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín