Ooru Yìí Kì Í Ṣe Ibà

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èlùbọ́ ni mò ń tà ní ọjà Bódìjà, n'Íbàdàn. Ọmọ ọdún 53 ni mí. Ọkọ mi ló máa ń ka ìwé ìròyìn yín sí mi létí. Lẹ́tà yìí, ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi ló ti ń gbọ́ ọ.

Ọmọ ọdún 49 ni mí nígbà tí ooru tí mo fẹ́ sọ yìí bẹ̀rẹ̀. Mò ń wọn èlùbọ́ fún oníbàárà kan láàárọ̀, òòrùn ò tíì mú, ni ooru kan bá ṣàdédé dìde láti àyà mi, ó gba ọrùn, ó gba ojú, ó dé àtàrí. Òógùn bò mí. Èlùbọ́ tó ti fò mọ́ mi lápá bá òógùn pò, ó di bí ọkà tí wọn ò rò jinná. Oníbàárà náà ní, "Ìyá Elélùbọ́, ṣé kò sí o?" Mo ní ibà ni. Kò pẹ́ tí ooru náà fi lọ, ni òtútù bá tún mú mi.

Ibà náà ni mo wá ń tọ́jú. Láàárín ọdún kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo lo oògùn ibà ọlọ́jọ́ mẹ́ta láti kẹ́mísì, ẹnikẹ́ni ò sì gún mi níka yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò rí. Mo se àgbo dóńgóyárò títí òórùn rẹ̀ fi wọ gbogbo aṣọ wa. Lóru, mo máa ń pààrọ̀ ìró lẹ́ẹ̀mẹta kílẹ̀ tó mọ́, oorun ò sì ní kùn mí mọ́. Tí mo bá dé ìsọ̀, mi ò ní rántí iye kóńgò tí mo ti wọ̀n, màá wá máa jágbe mọ́ àwọn ọmọ tó ń bá mi ru ẹrù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní iná ọ̀tá ni, kí n gbààwẹ̀. Mo gbà á.

Orúnkún ló gbé mi dé ilé ìwòsàn. Dókítà ọmọbìnrin kan, kò lè ju ẹgbẹ́ ọmọ mi lọ, ló bi mí pé, "Màmá, ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù yín kẹ́yìn?" Mo dákẹ́. Nínú gbogbo àwọn tí mo ti gbé ara mi lọ bá, kò sí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka oṣù. Ó ní mẹnopọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é, pé ó sábà máa ń dé láàárín ọdún 45 sí 55, àti pé tí obìnrin bá lo oṣù 12 gbáko láìrí nǹkan oṣù la tó lè ní ó ti dúró. Omi ara kan tó ń ti ilé ẹyin wá ló ń dín kù, ìyẹn ló ń da bí ara ṣe ń mọ ooru àti òtútù rú. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Kò sí ibà níbẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni mo rántí màmá wa. Ní Ṣakí, nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 14, wọ́n máa ń dìde lóru lọ jókòó sórí sìmẹ́ńtì tútù lẹ́yìnkùlé, ìró nìkan ni yóò wà lára wọn, wọn a máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra títí àkùkọ á fi kọ. Àwa ọmọ rò pé wọ́n ń bá bàbá wa jà ni. Aládùúgbò kan ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí àgbàlagbà obìnrin ń ṣe níta láago méjì òru, ẹ sì mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dà. Màmá ò sọ nǹkan kan fún wa títí wọ́n fi lọ. Ó ń dùn mí pé mi ò bu omi tútù fún wọn rí lóru yẹn.

Èyí tó kàn yìí, ojú ń ti ọmọ mi láti kọ ọ́, mo ní kó kọ ọ́. Nígbà tí ìyá ọkọ mi gbọ́ pé mi ò rí nǹkan oṣù mọ́, wọ́n ní kí ọmọ wọn má sún mọ́ mi mọ́, kí n má baà lóyún ìju, ìyẹn kókó tó máa ń wú nínú ilé ọmọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sùn ní pálọ̀. Lóòótọ́, tí a bá sún mọ́ra, ó ti máa ń dùn mí tẹ́lẹ̀, torí ojú ara ti gbẹ, mi ò sì mọ bí màá ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ọkùnrin tí mo ti bá gbé fún ọdún 29 dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láìsọ̀rọ̀, ìyẹn dùn mí ju orúnkún lọ. Dókítà ní ìju kì í ti ara ọkọ wá. Omi ara tó ń dín kù yẹn gan-an ni ìju fi ń dàgbà, ìdí nìyẹn tó fi sábà máa ń súnkì lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dúró. Ó ní oògùn wà fún ojú ara tó gbẹ. Mo délé, mi ò rí ẹnu sọ ọ́ fún bàbá àwọn ọmọ.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an ni ti ọ̀rẹ́ mi tó ń ta ata gbígbẹ ní ìsọ̀ kejì sí tèmi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, ló bá tún rí ẹ̀jẹ̀. A bá a yọ̀. Èmi náà yọ̀, mo ní ó ti padà di ọmọge. Oṣù mẹ́sàn-án ló fi ń rí i kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Jẹjẹrẹ ilé ọmọ ni. A sin ín lọ́dún tó kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ gàdàgbà: ẹ̀jẹ̀ tó bá tún yọ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró fún ọdún kan, ìbáà ṣe ẹ̀kán kan, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ kíákíá. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ń jẹ́ jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n dókítà ló yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀, àwa ará ìsọ̀ kọ́.

Mo gbọ́ lórí rédíò pé ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ni wọ́n yà sọ́tọ̀ káàkiri àgbáyé fún ọ̀rọ̀ mẹnopọ́ọ̀sì yìí. Ẹ fi odindi ojú ewé kan sọ ọ́ ní Yorùbá lọ́jọ́ náà. Ẹ wá dókítà tó máa ṣàlàyé oògùn tó ń dá omi ara náà padà, ẹni tó lè lò ó àti ẹni tí kò gbọ́dọ̀ lò ó.

Lẹ́tà tèmi yìí, ẹ má fi sí ojú ewé àwọn obìnrin. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìròyìn bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ ni ọkọ mi ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Òun ni yóò kà á sí mi létí, mo sì fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá Elélùbọ́,
Ọjà Bódìjà, Ìbàdàn.