Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lórí Adágún Àkọ́kọ́ àti Ìrìn Àwọn Àlejò Nínú Irà Iyọ̀

Sí Alága àti gbogbo Kánsẹ́lọ̀ Ìjọba Ìbílẹ̀,

Ẹ̀yin àgbà wa, a kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Àwa àgbẹ̀ iyọ̀ gbọ́ pé ẹ fẹ́ kó iyanrìn dí adágún tó wà lẹ́bàá ẹnu-ọ̀nà omi òkun, kí ó lè di ibi ìgbọ́kọ̀sí fún àwọn tó ń wá wo irà wa. A tún gbọ́ ìdí tí wọ́n fi yan ibẹ̀: wọ́n ní kò sí iyọ̀ níbẹ̀. Òótọ́ ni. Hóró iyọ̀ kan ò dì níbẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n lítà omi òkun kan kò ní ju nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ lọ. Kí iyọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì, omi náà ní láti fà títí yóò fi ku nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ìdá mẹ́sàn-án yòókù, oòrùn àti afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ, orí àwọn adágún gbalasa tí ẹ̀ ń wò bí ilẹ̀ òfo yẹn ni wọ́n sì ti ń gbé e. Bí òkun bá kún, a ó ṣí ilẹ̀kùn omi, omi á wọ adágún àkọ́kọ́, ẹrẹ̀ á rọlẹ̀, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́wọ́ọ́wọ́. Ibẹ̀ ló ti ń rọra ṣàn lọ sí ìkejì àti ìkẹta, tí iyọ̀ inú rẹ̀ ń le sí i. Àwo amọ̀ pẹlẹbẹ tí àlejò ń ya fọ́tò rẹ̀ ni ìparí ìrìn náà; ibẹ̀ ni iyọ̀ ti ń dì. Ẹni tó bá dí adágún àkọ́kọ́, gbogbo àwo ló gbẹ.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ ní Guérande, ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Faransé. Wọ́n fẹ́ la ọ̀nà mọ́tò gba inú irà iyọ̀ ibẹ̀, àwọn àgbẹ̀ iyọ̀ sì dìde sí i láàárín ọdún 1970 sí 1979, ọ̀nà náà ò sì kọjá. Ní 1995, irà yẹn wọ ìwé àwọn ilẹ̀ olómi tí àgbáyé ń dáàbò bò lábẹ́ Àdéhùn Ramsar. Lónìí, èrò ń wọ́ lọ wò ó, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ló sì ń mú wọn rìn.

Ẹ má ṣe rò pé a kórìíra àlejò. Inú wa máa ń dùn bí ẹnì kan bá tọ́ omi wò láti adágún dé adágún, tí ojú rẹ̀ ń fún pọ̀ sí i. (Àwọn ọmọdé ló máa ń fẹ́ tọ́ èyí tó kẹ́yìn wò lẹ́ẹ̀mejì.) Wọ́n ń béèrè ìdí tí omi kan fi pupa, a sì ń sọ fún wọn pé àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tí iyọ̀ kì í pa ló kùn ún. Wọ́n ń béèrè ìdí tí a kì í fi jẹ́ kí àwo gbẹ tán kí a tó wọ́ iyọ̀, a sì ń sọ pé omi tó ṣẹ́kù ló ní ìkorò, bó bá gbẹ mọ́ iyọ̀, iyọ̀ náà á korò. Pátákó tí ẹ rì mọ́lẹ̀ kò sọ ìkankan nínú ìwọ̀nyí.

Àlejò tó ń dá rìn ló ń pa wá lára. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan gun ebè amọ̀ láti ya fọ́tò, ebè ya, omi tí iyọ̀ rẹ̀ kò tíì le ya wọ inú àwo, ìtànná iyọ̀, ìyẹn iyọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ti ń léfòó lójú omi, sì yọ́ pátápátá. Kò mọ ohun tó ṣe. Ó tilẹ̀ tọrọ àforíjì.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín, ẹ fi adágún àkọ́kọ́ sílẹ̀, kí ibi ìgbọ́kọ̀sí wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà títì. Ó lè jìnnà díẹ̀. Ẹsẹ̀ á rìn ín. Kí àlejò máa tẹ̀ lé ọ̀kan nínú wa, ní ọ̀wọ́ kéékèèké, kí ẹnikẹ́ni má sì tẹ ebè àwo ní àsìkò ìkórè. Bí ẹ bá máa gba owó ìwọlé, kí díẹ̀ nínú rẹ̀ máa tún ebè ṣe.

Kí ẹ tó jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ yan ọ̀sán kan tí oòrùn mú. A ó mú yín láti ilẹ̀kùn omi dé àwo tó kẹ́yìn. Ẹ má wọ bàtà tó dára wá.

Àwa ni tiyín,
Akọ̀wé, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́ àgbẹ̀ iyọ̀