Ààwẹ̀ Tó Kan Ẹranko: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Onígbàgbọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi nínú Olúwa,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Lẹ́ǹtì tún ti dé tán, mo sì mọ̀ pé ẹ ti ń rò ó lọ́kàn, ohun tí ẹ máa yẹra fún lọ́dún yìí. Ẹnì kan ní òun á pa fóònù tì, ẹlòmíì ní ṣúgà lòun á fi sílẹ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn kan ti pẹ́ lọ́kàn mi tí mo fẹ́ gbà yín: ẹ yẹra fún ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà láti Ọjọ́rú Eérú títí di òwúrọ̀ Àjíǹde, kí ẹ sì ṣe é nítorí àwọn ẹranko fúnra wọn, kì í ṣe láti fìyà jẹ ẹnu yín nìkan.

Ẹnì kan á ní àṣà ìgbàlódé nìyẹn, pé àwọn tó ń pe ara wọn ní vegan, ìyẹn àwọn tí kì í jẹ ohunkóhun tó ti ara ẹranko wá, ló kó o dé. Rárá o. Lóòótọ́, ọdún 1944 ni ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ yẹn bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n Ìjọ ti ń gba irú ààwẹ̀ yìí tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó bí àwọn tó dá a sílẹ̀. Títí dòní, àwọn ará wa nínú ìjọ Orthodox ti Ìlà-Oòrùn kì í fẹnu kan ẹran, ẹyin tàbí wàrà ní Lẹ́ǹtì. Àwọn ti Etiópíà ń gba tiwọn fún ọjọ́ 55. Ní Yúróòpù àtijọ́ pàápàá, ẹyin wà lára ohun tí a kì í jẹ. Adìẹ ò sì torí ààwẹ̀ dẹ́kun yíyé, ìdí nìyẹn tí ẹyin fi máa ń pọ̀ rẹpẹtẹ nígbà Àjíǹde. Ìjọ Kátólíìkì ti dín tirẹ̀ kù: òfin ìjọ ti ọdún 1983 ní kí ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 14 yẹra fún ẹran ní Ọjọ́rú Eérú àti àwọn ọjọ́ Ẹtì inú Lẹ́ǹtì. Ẹja kò sí lábẹ́ òfin yẹn. Ṣùgbọ́n ẹja náà ń mí, ẹ̀yin ọmọ mi, kò sì dùn mọ́ mi nínú bí àwọn kan ṣe ń fi ẹja ńlá ṣe àsè lọ́jọ́ Ẹtì, tí wọ́n sì ń pè é ní ààwẹ̀.

Ẹ ṣí Máàkù orí 1, ẹsẹ 13. Mátíù àti Lúùkù náà sọ ìtàn ogójì ọjọ́ tí Jésù lò ní aginjù. Máàkù, tó gé ìtàn náà kúrú ju tiwọn lọ, òun nìkan ló sọ pé Jésù wà pẹ̀lú àwọn ẹranko igbó. Kò sọ pé ọ̀kankan bù Ú jẹ, kò sì sọ pé Ó pa ọ̀kankan. Ebi ń pa Á, ẹranko wà lọ́dọ̀ Rẹ̀, a ò sì gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀. Ogójì ọjọ́ yìí gan-an la ń tẹ̀ lé. Kí ló dé tí a fi ń rántí ebi náà, tí a sì gbàgbé àwọn tó bá A gbé ibẹ̀?

Ẹ tún wo Nínéfè. Nígbà tí ọba wọn kéde ààwẹ̀, ó ní kí màlúù àti àgùntàn má fẹnu kan nǹkan, kí wọ́n fi aṣọ ọ̀fọ̀ bo ènìyàn àti ẹran. Ọlọ́run dá ìlú náà sí, inú bí Jónà. Ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́run sì fi dá a lóhùn ni pé ó lé ní 120,000 ènìyàn tó wà níbẹ̀, àti ọ̀pọ̀ ẹran ọ̀sìn. Ibẹ̀ ni ìwé Jónà parí sí, sórí ẹran ọ̀sìn. Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ ti gbọ́ ọ nínú ìwàásù?

Ẹ jẹ́ ká fojú sí adìẹ kan ṣoṣo. Kí ẹyin tó pa, òròmọdìẹ ti ń ké nínú rẹ̀, ìyá rẹ̀ á sì máa dá a lóhùn. Tí ilẹ̀ bá gbẹ, adìẹ á fi ẹsẹ̀ wa kòtò kékeré, á dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, á fi ìyẹ́ gbọn erùpẹ̀ sí ara rẹ̀ láti ẹ̀yìn dé ọrùn, á wá dìde, á gbọn gbogbo rẹ̀ dànù. Ìwẹ̀ tirẹ̀ nìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ oko ńlá tí wọ́n ti ń to adìẹ sínú àgò, àyè tó kan adìẹ kan kò tó fífẹ̀ abala tákàdá tí a fi ń kọ lẹ́tà. Kò lè na ìyẹ́ rẹ̀, kò sì ní rí erùpẹ̀ títí ayé rẹ̀. Àwọn akọ òròmọdìẹ tó bá jẹ́ irú tí a ń sìn fún ẹyin, ní ibi tó pọ̀ jù, ọjọ́ tí wọ́n jáde nínú ẹyin náà ni wọ́n ń pa wọ́n, nítorí wọn ò ní yé. Irú èyí tí a ń sìn fún ẹran ń sanra débi pé ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀bẹ ti dé ọrùn rẹ̀. Ẹ kà á wò: èyí tó bá jáde nínú ẹyin ní Ọjọ́rú Eérú kò ní rí Àjíǹde. Adìẹ tí aráyé ń pa lọ́dún kan sì lé ní bílíọ̀nù 70. Ti wàrà náà ní ìbànújẹ́ tirẹ̀: wọ́n máa ń gba ọmọ lọ́wọ́ màlúù láìpẹ́ tó bá bí i tán, kí wàrà lè jẹ́ tiwa.

Ẹni tó bá fẹ́ fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ìdí tí mo fi ní kí ààwẹ̀ yín kan ẹranko nìyẹn.

Inú mi dùn pé ọmọdé ti ń ṣáájú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2019, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 12 kan ní Amẹ́ríkà kọ̀wé sí Póòpù Francis pé kó gba Lẹ́ǹtì láìjẹ ohunkóhun tó ti ara ẹranko wá. Àwọn tó tì í lẹ́yìn ṣèlérí mílíọ̀nù kan dọ́là fún iṣẹ́ àánú tí Póòpù bá yàn. Póòpù kò gba ìpè náà, ìbùkún ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Ní tèmi, owó yẹn kò pọn dandan. Ìgboyà ọmọ náà ló wú mi lórí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, nítorí ibí yìí ni mo ti ń bẹ̀rù fún yín jù. Ní ọdún 387, lásìkò Lẹ́ǹtì, John Chrysostom, àlùfáà kan nínú Ìjọ àtijọ́, wàásù ní Áńtíókù. Ó bi àwọn ènìyàn pé èrè wo ló wà níbẹ̀ tí a bá yẹra fún ẹyẹ àti ẹja, tí a sì ń bu àwọn ará wa jẹ. Ẹ má torí ewébẹ̀ inú àwo yín fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹni tó ń jẹran. Ẹ má ba ìyá yín jà nídìí oúnjẹ. Ẹ sọ fún un kí ọjọ́ tó kò, kí ẹ sì wọ ilé ìdáná lọ bá a se é. Aláàánú ẹranko tó ń kanra mọ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ń ba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ́.

Ní ti oúnjẹ, ẹ̀wà, ọkà, ẹ̀pà, èso, olú àti ewébẹ̀ tó láti gbé yín ró. Ẹ máa wo ara páálí ohun tí ẹ bá rà, torí wàrà àti ẹyin máa ń fara pamọ́ sínú bísíkíìtì àti búrẹ́dì. Ẹni tó ń ṣàìsàn, aláboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ ná. Owó ẹran tí ẹ kò rà, ẹ kó o jọ fún aláìní, bí àwọn Kristẹni àtijọ́ ṣe máa ń ṣe. Tí ajá kan bá sì wà ní àdúgbò yín tí wọ́n so mọ́ inú oòrùn láìsí omi, ẹ bu omi fún un kí ẹ tó lọ sí ìsìn alẹ́.

Lọ́jọ́ Àjíǹde, ẹ má sáré padà sídìí ẹran bí ẹni tó tẹ̀wọ̀n dé. Ẹ jókòó, kí ẹ yan èyí tí agbára yín ká láti máa bá lọ. Ẹni tó bá fẹ́ máa bá gbogbo rẹ̀ lọ, kó wá fítámì B12 máa lò, torí kò sí nínú ewébẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Ẹni tó jẹ́ pé ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ló lè ṣe, kó mú ọjọ́ méjì náà, kó sì dì í mú ṣinṣin. Kí ẹ kọ̀wé sí mi, kí n gbọ́ bó ṣe ń lọ.

Olúwa á fún yín lókun.

Èmi ni bàbá yín nínú Olúwa.